Ọmọ mi kì í parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Kétu

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọmọkùnrin mi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, orí rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti le díẹ̀, ó ti sú u nìyẹn. Lálẹ́ àná, ó ń pín 84 sí ọ̀nà 6. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún kọ ọ́, títí ìwé náà fi dá lu, ló bá bú sẹ́kún. Nígbà ìsinmi, mo mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá mi kí ó lè kọ́ bí wọ́n ti ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, imú ère náà já bọ́, ó jù ú sábẹ́ àká, kò sì padà débẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ní ẹgba ni oògùn rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, àmọ́ n kò mọ ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ àgbà agbẹ́gilére kan

Ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, nítorí imú ère tèmi náà ti já ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ipele mẹ́rin ni iṣẹ́ wa ní: ọnà lílé, níbi tí a ti ń fi àáké la ìrísí ère jáde lára igi, alétúnlé, níbi tí ojú, imú àti etí ti ń yọ, dídán, tó ń mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, lẹ́yìn náà ni fínfín, tí a ń fi ọ̀bẹ ṣe ilà àti irun orí. Ó jọ pé wọ́n ti fi ọmọ náà sídìí alétúnlé kí ó tó mọ bí wọ́n ti ń pọ́n irin. Èérún igi ni èmi kọ́kọ́ gbá fún oṣù mélòó kan, n kò sì sá, torí pé ohun tí ọ̀gá mi ń gbé lé mi lọ́wọ́ kò ju agbára mi lọ. Jẹ́ kí ó padà lọ. Bí imú bá já, ṣe ni a ń gbẹ́ gbogbo ojú náà wọnú sí i, kí imú mìíràn lè yọ láti inú igi tó kù.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní Àjàṣẹ́

Ìyá wa, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọmọ náà ń rí pátákó dáadáa. Mo ti na ọmọ kan rí kí a tó mọ̀ pé ojú ló ń dùn ún, ó sì ń ká mi lára títí dòní. Bí ojú rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ẹ wá ṣọ́ bí ẹ ti ń yìn ín. Ìwádìí kan tí Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 fi hàn pé nígbà tí iṣẹ́ le, àwọn ọmọ tí wọ́n ti yìn pé orí wọn pé kò fẹ́ tẹ̀ síwájú tó àwọn tí wọ́n yìn nítorí akitiyan wọn. Ẹ̀yin náà ti fi orí pípé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín. Ní ti ìṣirò yẹn, ẹ fún un ní òkúta wẹ́wẹ́ 84, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ pín in sí òkìtì mẹ́fà.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ abiyamọ kan ní Sábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi o: ta ló parí ìṣirò náà lálẹ́ àná?

Ìyá tó béèrè

Àbúrò, èmi ni. Mo kọ 14 sí i kí a lè tètè sùn, ojú sì tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti lọ yọ ère náà lábẹ́ àká, ikán kò tíì kàn án. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni èmi àti ọmọ yóò jọ gbé e padà lọ fún bàbá mi.