Ibà oṣù kan àbọ̀, kókó wà ní itan: ṣé kí wọ́n là á?

Ọmọ Tàkíé
Ẹ kú iṣẹ́ o. Alàgbà kan ládùúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ara wọn ń gbóná lálaalẹ́ láti oṣù kan àbọ̀. Wọ́n lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù, pàbó. Wọ́n ń rù. Kókó kan wà nínú ẹran itan wọn, kò dùn wọ́n. Ẹni tó ni kẹ́míìsì ní oówo ni, òun á là á.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án! Oówo máa ń pọ́n, ó máa ń dunni. Kókó tó wọnú ẹran, tó ń tóbi sí i, tó sì ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, a gbọ́dọ̀ fura sí sarcoma, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹran ara. Ó ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í fa ibà. Àwọn díẹ̀ ló ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ara gbóná.

Ará Láàbù
Kí ẹ tó gbà pé jẹjẹrẹ ni, àyẹ̀wò ikọ́ ife àti HIV ńkọ́? Ìwọ̀nyẹn wọ́pọ̀ jù ú lọ. Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, nìkan kì í ṣe ẹ̀rí táífọ́ọ̀dù. Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ fún ibà ẹ̀fọn (malaria) náà lè ṣì máa fi ibà ẹ̀fọn hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti ṣiṣẹ́. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Kí wọ́n máa fi tẹmómítà wọn bí ara wọn ṣe ń gbóná tó láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ń ju 38.3°C lọ fún ọ̀sẹ̀ 3, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti kẹ́míìsì.

Ọmọ Tàkíé
Kókó náà ti tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Kí ló kàn?

Dókítà Abẹ
Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ LAUTECH tàbí ti Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí wọ́n lọ, lọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. MRI itan, ìyẹn àwòrán inú ẹran tí ẹ̀rọ ń yà, ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ onígéẹ̀jì (ìwọ̀n abẹ́rẹ́) 14 tàbí 16 gé díẹ̀díẹ̀ lára kókó náà, níbi tí iṣẹ́ abẹ ọjọ́ iwájú yóò gbà. Inú fọ́málínì 10%, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ni kí wọ́n kó o sí, kí fọ́málínì náà pọ̀ tó ìlọ́po 10 ẹran náà. Omi lásán máa ń bà á jẹ́. Kí wọ́n ya CT (àwòrán X-ray oníkọ̀ǹpútà) àyà, torí ẹ̀dọ̀fóró ni sarcoma sábà máa ń kọ́kọ́ ràn dé. Bí wọ́n bá kàn là á, ẹ̀jẹ̀ á gbé jẹjẹrẹ wọnú ẹran tó yí i ká, iṣẹ́ abẹ á wá le sí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Kí wọ́n yẹra fún àpòpọ̀ oògùn kẹ́míìsì tó ní dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan, nínú. Ibà á rọlẹ̀, àyẹ̀wò á sì dàrú. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ gba ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ pè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́.