Orúkọ Wo Ló Yẹ Ìmọ́lẹ̀ Tí Iyùn Ń Lò?

Àwọn tó dábàá pé kí a máa pe ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí iyùn òkun tí a ń sìn nínú táǹkì gíláàsì ń fẹ́ ní "agbára iná" ní ìdí tó dára, nítorí ọ̀rọ̀ náà kúrú, gbogbo ènìyàn ló sì ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, n kò fara mọ́ ọn. Iye wáàtì tí gílóòbù ń jẹ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, gílóòbù méjì tó ń jẹ wáàtì kan náà sì lè yàtọ̀ gidigidi nínú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń rán wọ inú omi. "Ìtànyòò" tí àwọn mìíràn fẹ́ràn kò sàn jù ú lọ: ojú ènìyàn ló fi ń díwọ̀n, ojú wa sì máa ń gba àwọ̀ ewé ju àwọ̀ aró lọ, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ló ń wọ inú òkun jìnnà jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ iyùn ń lò dáadáa. Ẹni tó bá fi ìtànyòò nìkan yan iná lè ra èyí tó mọ́lẹ̀ rekete lójú rẹ̀, kí iyùn rẹ̀ má sì dàgbà.

Iṣẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe ló yẹ kó sọ ọ́ lórúkọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ló mú kí ọ̀pọ̀ wa rò pé òkúta ni iyùn, ṣùgbọ́n ẹranko ni. Àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ewéko ti ń ṣe, wọ́n sì ń fún iyùn ní púpọ̀ nínú rẹ̀. "Ìmọ́lẹ̀ aṣoúnjẹ" tí ẹnì kan dábàá súnmọ́ ohun tí à ń wá, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló ń ṣe oúnjẹ náà. Aránṣọ ni ẹni tó ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ohun tó fi ń rán an. Nítorí náà, "ìmọ́lẹ̀ ìṣoúnjẹ" ni mo fara mọ́, fún ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà láàrin nanómítà 400 sí 700, tí a ń fi ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ wọ̀n nínú omi, níbi tí iyùn gan-an wà. A ó lè sọ nígbà náà, láìsí àmúlùmálà, pé iyùn rírọ̀ sábà máa ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ìṣoúnjẹ bí 50 sí 150 ní òṣùwọ̀n máíkírómóòlù (ìyẹn iye ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé mítà onígun mẹ́rin kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan), àti pé ọ̀pọ̀ iyùn eléegun líle tí ẹnu wọn kéré máa ń fẹ́ bí 200 sí 350.

Ní ti "ìfaradà", tí àwọn kan fẹ́ fi pe bí ìmọ́lẹ̀ tuntun ṣe ń mọ́ iyùn lára, ọ̀rọ̀ náà lè mú kí ènìyàn gbé iyùn tuntun sábẹ́ iná tó le, kó sì máa retí pé yóò fara dà á. Gbólóhùn gbọọrọ tẹ́ mi lọ́rùn níhìn-ín: mímú ìmọ́lẹ̀ mọ́ iyùn lára. A ó gbé iyùn sí ìsàlẹ̀ táǹkì tàbí kí a dín iná kù sí bí ìdajì, a ó sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Èyí tó ká mi lára jù ni "bíbóra", tí a fẹ́ fi pe bí iyùn ṣe ń funfun nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru bá pọ̀ jù. Ara rẹ̀ kò bó rárá. Àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ ló jáde, ẹran ara náà ṣì wà níbẹ̀, ó kàn mọ́ gaara débi pé a ń rí eegun funfun lábẹ́ rẹ̀. Iyùn bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè, ó sì lè padà bọ̀ sípò bí a bá tètè dín ohun tó ń ni ín lára kù. Ẹ jẹ́ kí a pe ìyẹn ní "ìfunfun iyùn", kí a sì fi "bíbóra" sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹran ara bá ń ṣí kúrò lórí eegun lóòótọ́, nítorí ẹni tó bá gbọ́ pé iyùn rẹ̀ ti bóra lè kó o dànù nígbà tó ṣì ṣeé gbà là.