Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ èdè Ìtálì, níbo ló ti kọ́kọ́ le fún yín?

Ìyá Ìbejì Brescia: Ẹ kú ilé o. Oṣù kejì mi rèé ní CPIA, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn àgbà. Akọ àti abo ọ̀rọ̀ ló ń dà mí láàmú. Wọ́n ní tó bá parí sí -o, akọ ni; -a, abo ni. Kí wá ni "la mano" (ọwọ́), tó jẹ́ abo? Kí ni "il problema" (ìṣòro), tó jẹ́ akọ? Lédè tiwa, "ó" kan náà la fi ń pe tọkùnrin tobìnrin. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ má wádìí ẹ̀, mà. Ẹ ṣáà kọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ "il" (ti akọ) tàbí "la" (ti abo) rẹ̀.

Àdùkẹ́ Padova: Tèmi, "essere" (jẹ́, wà) àti "avere" (ní), tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ti kọjá, ló pa mí lẹ́kún. Mo wà lórí ìlà níbi tí mo ti fẹ́ gba ìwé ìgbélùú, mo ń ṣàlàyé pé mo ti lọ sí ibòmíì, mo ń sọ pé "ho andato", avere ni mo lò. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn mi rọra sọ ọ́ sí mi létí: "sono andata" (mo ti lọ), essere nìyẹn. Lọ, wá, dé, jáde, essere ni. Torí pé obìnrin sì ni mí, -a ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Ọlọ́run á kẹ́ ìyá yẹn.

Bàbá Tóyìn: "Ho camminato" (mo rìn) ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ìrìn ni?

Àdùkẹ́ Padova: Òótọ́ lẹ sọ, sà. Avere nìyẹn ń gbà. Àkọ́sórí ni.

Àbíkẹ́: Yorùbá ló jẹ́ kí "mi piace" tètè yé mi. "Ó wù mí" ni! Nǹkan ló ń wuni. Tó bá pọ̀, "mi piacciono i fagioli" (ẹ̀wà wù mí). "Lei" tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni náà, "ẹ" tiwa gan-an ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Rárá o. Ẹni púpọ̀ ni "ẹ". "Lei", obìnrin kan ṣoṣo ni, kódà tẹ́ ẹ bá ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀. "Voi" (ẹ̀yin) ló jọ tiwa.

Àbíkẹ́: Olùkọ́ wa ní "voi" fún ẹnì kan ti di ti àtijọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ wá sí Napoli níbí kẹ́ ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi "voi" bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.

Bàbá Tóyìn: Ìyá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá ń sọ ọjọ́ orí yín, ẹ fa "nn" inú "anni" (ọdún) dáadáa. N kan ṣoṣo, ihò ìdí lẹ dárúkọ yẹn.

Ìyá Ìbejì Brescia: Háà! Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ọ̀la ni wọ́n máa bi wá lọ́jọ́ orí.