Ajagunkán kẹ̀? Ìkamùdù wo lẹ ń wí?

Ẹ̀gbọ́n wa tó fi àwòrán èèrà dúdú ránṣẹ́ láti Kàbbà lánàá, mo kí yín o. Ẹ ní ìkamùdù ni, ẹ sì sọ ọ́ ní "ajagunkán" nítorí ikán tó gbé sẹ́nu. Méjèèjì ni mi ò gbà: akókán ni mo pe èèrà náà.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ ṣáájú. Ogun ti wà níkùn "jagun" tẹ́lẹ̀, ibo ni ikán fẹ́ jókòó sí? A kì í jagun ènìyàn, a máa ń bá a jagun ni. "Abánijà" la ń pe ẹni tó ń báni jà, a ò pè é ní "ajàni". Bí ẹ bá yọ "bá" kúrò, gbólóhùn ti dà rú, a-ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kò sì lè tún un ṣe.

Ikán a máa jà padà lóòótọ́, àmọ́ èèrà wọ̀nyí kò wá torí ìjà. Wọ́n kàn wá kó o ni. Ọmọ Òkun (Yorùbá agbègbè Kàbbà) wo ni kò mọ ìyàtọ̀? Nígbà tí ogun Tápà ń dà wá láàmú ní ọ̀rúndún 19, ohun táwọn àgbà ń wí ni pé ogun kó ìlú. Ìyá mi àgbà ní Ìsánlú a máa dá wa dúró lọ́nà oko bí èèrà wọ̀nyí bá tò kọjá: "Ẹ jẹ́ kí ogun kọjá, ilé ikán ni wọ́n lọ kó." Nítorí náà, akókán: kó, ikán, bí ẹ ṣe ń pe akọ́lé. Ẹ má sì gbàgbé àmì òkè orí "kó".

Ó wá ku àwòrán. Ìkamùdù náà ń jẹ ikán, ibẹ̀ lẹ ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń dá wá oúnjẹ rẹ̀ ni. Akókán a máa tò lọ́wọ̀ọ́, ńlá àti kékeré pọ̀, bí ẹ bá sì da ọ̀nà wọn rú, ẹ ó gbọ́ ìró ṣíṣì. Wọ́n tilẹ̀ ń gbé èyí tó fara gbọgbẹ́ padà sílé. Àwọn onímọ̀ tó wò wọ́n ní Comoé, Côte d'Ivoire, kọ ọ́ jáde ní 2017. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì wọ́n mú. Ọjọ́ pẹ́ tí ìwé sáyẹ́ǹsì fi pe akókán ní Megaponera foetens, "foetens" sì ni olóòórùn burúkú ní Látìnì! Megaponera analis ló ń jẹ́ báyìí. Paltothyreus tarsatus ni ìkamùdù tó ń rùn.

Ẹni tó ní èèrà ọ̀dàn ni akókán, kò lè dé Kàbbà, ṣé ó ti débẹ̀ rí? Igbó àti ọ̀dàn ló pàdé lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá gba Ìsánlú lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, igi á máa jìnnà síra. Àti akókán àti ìkamùdù ló ń gbé ibẹ̀.

Ẹni tó sì ní "ìkamọ̀dù" ló tọ̀nà, kì í ṣe "ìkamùdù", nítorí pé Yorùbá Òkun ti lú mọ́ ti Tápà, mò ń bọ̀ wá bá yín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ya àwòrán. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń tò lọ́wọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí ìró ṣíṣì, kẹ́ ẹ tó tún kọ̀wé.