Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi pa àyọkà mi rẹ́, àti mẹ́fà tí èmi náà fi pa ti ẹlòmíràn: ìrírí wa lórí yíyẹ àyọkà wò

Ará Kábà, tísà tó ti fẹ̀yìn tì

Ẹ̀yin ọmọ Òkun, àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, mo kí gbogbo yín ní ìkíni wa, òkun o. Ọmọ àbúrò mi kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ àwa tí a ń yọ̀ǹda ara wa láti kọ àyọkà sínú ìwé-ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, bi mí léèrè ohun tó dé tí àyọkà rẹ̀ fi ti ń dúró de olùyẹ̀wò láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, nígbà tí òun gbọ́ pé tẹ́lẹ̀ rí, kí ènìyàn tó mu omi tán, wọ́n á ti sọ fún un bóyá tirẹ̀ wọlé tàbí kò wọlé. Mo dá a lóhùn pé kíákíá yẹn gan-an ló fa ìyípadà. Àlàyé náà kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lórí ìdúró, nítorí náà mo kọ ọ́ síbí, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn rí sọ tiwọn, pàápàá àwọn tí kò fara mọ́ èrò mi.

Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni mo kọ àyọkà mi àkọ́kọ́, lórí aṣọ ìpo ilẹ̀ Bùnú, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ òkú àwọn ìjòyè. Mo wọ mọ́tò láti Kábà, mo jókòó ti ìyá arúgbó kan ní ọ̀sán méjì, ó sì ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń tú òwú pupa lára bùláńkẹ́ẹ̀tì òyìnbó kí wọ́n tó fi hun ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, tí mo ń fi àmì ohùn sí orí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù kékeré, tí ojú ń ta mí. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni mo fi í ránṣẹ́. Mo lọ jẹun; nígbà tí mo fi padà dé, àyọkà náà kò sí mọ́. Ohun tó kù ní ojú-ewé náà kò ju èyí lọ: "Kò ní ìtọ́kasí. Kò lókìkí tó." Ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì bóyá n ó rí ìkeje tí yóò sọ ohun tí mo lè ṣe sí i.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ẹnìkan tó ń kàwé ní yunifásítì tó sọ fún mi pé ìwé kan wà lórí ọ̀rọ̀ náà, èyí tí Elisha Renne kọ lórí aṣọ Bùnú, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1995. Mo fi ìwé náà ṣe ìtọ́kasí. N kò yí gbólóhùn kan ṣoṣo padà nínú àyọkà mi, ó sì wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ jọ̀wọ́, n kò bá onímọ̀ yẹn jà, nítorí pé ó gbé ní Bùnú, ó sì ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ilẹ̀ kò ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni òun náà bi léèrè? Irú ìyá tí èmi jókòó tì ni. Ohun tí ìyá náà sọ fún mi kò jẹ́ ẹ̀rí títí ó fi gba òkè òkun lọ, tó gba inú èdè Gẹ̀ẹ́sì padà wálé.

Mo mọ̀ pé òfin tó ní kí a má ṣe kọ ìwádìí tiwa tí kò tíì jáde níbòmíràn kì í ṣe òfin òmùgọ̀. Bí kò bá sí i, gbogbo ilé ló máa kọ ọ́ pé bàbá ńlá àwọn ló tẹ ìlú dó, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ oyè ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí inú ń bí mi ni mo lọ ka ìtàn àwọn tó ṣíwájú wa nínú iṣẹ́ yìí, mo sì rí i pé wọ́n ti gbé e síwá gbé e sẹ́yìn ju wa lọ. Kí Wikipedia tó dé, Nupedia ló wà ní ọdún 2000, níbi tí àyọkà kọ̀ọ̀kan ti gbọ́dọ̀ la ìgbésẹ̀ 7 kọjá lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2003, àyọkà tí wọ́n parí kò pé 30. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001 ni Wikipedia ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, tí ẹnikẹ́ni lè kọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù: láti ìparí 2005, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lè dá ojú-ewé tuntun sílẹ̀ mọ́ ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti 2018, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 4, kó sì ti ṣe àtúnṣe 10, kó tó lè ṣe é. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 yẹn kan náà ni olùyẹ̀wò kan dá àyọkà padà lórí Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì ará Kánádà, pé àwọn ìtọ́kasí rẹ̀ kò fi hàn pé ó tó ẹni tí à ń kọ nípa rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé ó wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel. Èmi tí mo ń sunkún aṣọ ìpo, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ka èyí.

N kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí jù. Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, wọ́n fi èmi náà ṣe olùyẹ̀wò. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo bá àyọkà tó lé ní ogójì nílẹ̀, dátà mi ń lọ sópin, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́ oríkì àwọn olóṣèlú tí ẹnìkan ti gbowó kọ. Mo ń pa wọ́n rẹ́ lọ ràì. Láàárín wọn ni àyọkà kan wà lórí bí wọ́n ṣe ń fún epo pupa ní ìlú kan ní ilẹ̀ Yàgbà. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ẹyìn, tí ìwé kọ́ wa pé ẹkù ni, òǹkọ̀wé náà pè é ní orúkọ mìíràn, kò sì tò àwọn ọ̀rọ̀ mélòó kan bí a ṣe ń tò wọ́n nínú ìwé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èdè rẹ̀ kò gún. Kò lẹ́rìí." Mo sì lọ sùn. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó ka ọ̀rọ̀ náà, tí mo rí i pé mẹ́fà ni.

Èmi ọmọ Òwé, tí mo mọ̀ pé ohun tí a ń sọ ní Kábà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ ní Ìyàgbà tàbí ní Gbẹ̀dẹ̀, èmi tí mo ti jẹ ọmọ ilé-ìwé níyà ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn nítorí pé wọ́n kọ èdè ilé wọn sínú àròkọ (kí Ọlọ́run dárí jì mí), èmi ni mo ṣe èyí.

Nígbà tí a jókòó láti yí ìlànà padà, ohun tí mo tẹnu mọ́ ni pé kí ẹni tó bá dá àyọkà padà máa kọ ohun tó kù, ní ọ̀nà tí òǹkọ̀wé yóò fi lè jáde nílé láti lọ wá a. Kí ó má wulẹ̀ sọ pé kò lẹ́rìí. Kí ó sọ pé gbólóhùn yìí àti ìyẹn ló nílò ẹ̀rí, kí ó sì dárúkọ irú ẹ̀rí tó lè tó, ìbáà jẹ́ ìwé ìtàn ìlú tí ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tẹ̀ jáde, tàbí iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ yunifásítì. A kì í pa àyọkà rẹ́ lójú ẹsẹ̀ mọ́, àfi èyí tó jẹ́ èébú, ìpolówó tàbí ohun tí wọ́n jí kọ. Ibi ìdúró ló ń lọ, tí òǹkọ̀wé sì lè tún un ṣe níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí ó bá sì padà wá, ẹni tó kọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ohùn àwọn àgbà ló fa àríyànjiyàn jù. Àwọn kan ti dán an wò ní Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà ní 2011, wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn sílẹ̀, wọ́n sì fi ohùn náà ṣe ìtọ́kasí. Ibi tí àwa fàlà sí ni pé a gba ohùn fún bí a ṣe ń ṣe nǹkan, bí oúnjẹ, iṣẹ́ ọwọ́ àti orúkọ ewé, pẹ̀lú ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀ àti àṣẹ ẹni tó sọ̀rọ̀. A kò gbà á fún ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀ kan.

Ọmọ Mọ̀pà, olùyẹ̀wò

Ẹ kú iṣẹ́, Tísà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ní kí àwọn tí kò fara mọ́ èrò yín sọ̀rọ̀. Ilé ìtajà oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí n tó ráyè. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìlànà yìí, àyọkà 12 ló ń dúró. Mo kà wọ́n lánàá, wọ́n ti di 74. Ọkùnrin kan tó fẹ́ díje sí ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ kọ àyọkà nípa ara rẹ̀, mo fara balẹ̀ kọ gbólóhùn mẹ́jọ fún un nípa ohun tó kù. Ó padà wá pẹ̀lú ìwé ìròyìn mẹ́rin, mo ṣí wọn, ìpolówó tó sanwó fún ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tún kọ gbólóhùn márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ẹni tí kò fẹ́ kọ́ nǹkan kan, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó kọ nǹkan gidi sì ń dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó burú jùyẹn ni àwọn àyọkà tí ẹ̀rọ (AI) kọ. Ọ̀kan sọ pé 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni, kí ó tó dìgbà náà, Kwara ni gbogbo wa wà. Ó ní àwọn àgbẹ̀ Ìjùmú máa ń fi ọkọ wọn ro oko. Mo bi ìyàwó mi bóyá èmi náà yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọkọ́, ó ní orí mi le tó o. Ìwé márùn-ún ni àyọkà náà tọ́ka sí. Mo fi alẹ́ méjì wá wọn, kò sí èyíkéyìí nínú wọn láyé yìí. Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì fàyè gbà á ní 2025 pé kí wọ́n máa pa irú àyọkà ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ rẹ́ kíákíá. Àwa ní kí a gbé e lọ sí ibi ìdúró fún oṣù mẹ́ta, bí ẹni ń tọ́jú àlejò. Bí a kò bá fi èyí kún àwọn tí à ń pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀, n ó gbé iṣẹ́ olùyẹ̀wò sílẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú.

Ọmọbìnrin Yàgbà

Òkun o, Bàbá Tísà. Èmi ni mo kọ àyọkà epo pupa náà.

Ẹ ti bẹ̀ mí ní ìkọ̀kọ̀ nígbà náà, mo sì ti gbà, nítorí náà n kò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Oṣù mẹ́jọ ni n kò fi kọ nǹkan kan mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe kíkúrú ọ̀rọ̀ yín ló lé mi lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ń wò, tí n kò rí orúkọ ènìyàn níbẹ̀, àfi "Alámòójútó". N kò mọ̀ bóyá ọmọ Èkó ni, tàbí ará Ọ̀yọ́ tí kò gbọ́ èdè wa rí, tàbí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa. Ká ní mo mọ̀ pé ará Kábà ni, ǹ bá ti sọ̀rọ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú gbogbo ohun tí ẹ yí padà, èyí tí ẹ kò dárúkọ ló mú mi padà wá: pé orúkọ olùyẹ̀wò àti ìlú rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ ìpinnu rẹ̀ báyìí.

Mo sì gbà pẹ̀lú Bọ̀dá Mọ̀pà lórí ti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí o. Mo kọ àyọkà méjì lóṣù yìí. Ọ̀kan jẹ́ lórí Titcombe, míṣọ́nnárì tó ti Kánádà wá sí Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Ọjọ́ kan péré ló fi wọlé, nítorí pé àwọn tó rán an níṣẹ́ ń kọ nǹkan sílẹ̀. Èkejì ni ti epo pupa, tí mo tún kọ, tí mo gba ohùn ìyá mi àgbà sílẹ̀ fún, tí màmá náà dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ ẹyìn lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè dájú. Ó ti pé ọjọ́ 26 tó ti wà ní ibi ìdúró.

Ará Kábà, tísà tó ti fẹ̀yìn tì

Ọmọ mi, o ṣeun. Òótọ́ ni, mo gbàgbé ti orúkọ, bóyá nítorí pé èmi ni mo ta kò ó jù nígbà tí a ń jíròrò rẹ̀. Èmi kò lè yẹ àyọkà rẹ wò, nítorí pé èmi ni mo kọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Àbúrò mi ará Mọ̀pà, ṣé ẹ ó bá wa gbà á?

Ọmọ Mọ̀pà, olùyẹ̀wò

Mo ti gbà á, Tísà. Ohùn màmá gùn tó ìṣẹ́jú 22, n ó gbọ́ ọ tán lálẹ́ òní bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́ ni mo ṣì gbọ́, wọ́n sì ti bú ẹni tó ń da omi tútù sínú epo.