Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Aké

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀ffà. Mo fẹ́ kó ọmọ 20 lọ sí Abẹ́òkúta, kí a fẹsẹ̀ rìn ní Aké níbi tí Wọlé Ṣóyínká ti dàgbà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé inú ọgbà iléèwé tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ni ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986 ti ṣeré.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tí a rìn nílùú kan lésìí kò dáa. Ohùn ẹni tó ń mú wa kiri kò dé ẹ̀yìn. Bàtà ọmọ kan já, mo pọ̀n ọ́n dé ìdí mọ́tò. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Aké, ṣé kí n pín wọn sí méjì? Àárọ̀ ló dáa ni, àbí ìrọ̀lẹ́?