Ganyu kì í ṣe àáró, àgbàro ni

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kan kọ lánàá, pé tá a bá ń túmọ̀ ganyu, ìyẹn iṣẹ́ oko olóko tí àwọn ará Màláwì ń ṣe gbowó tàbí oúnjẹ, sí Yorùbá, ká máa pè é ní "àáró", mo ní kí n má dá sí i àmọ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àáró kọ́.

Nílé wa l'Órò, bàbá mi àtàwọn méjì kan jọ ń ṣe àáró, òní oko tèmi, ọ̀tunla oko tìẹ, bó bá ti yí kárí ẹnì kankan ò jẹ ẹnì kankan. Ọ̀wẹ̀ náà tún lọ́tọ̀, ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ló máa gúnyán. Ganyu, oko olóko lèèyàn ń lọ ro, á gbowó tàbí àgbàdo, ó parí. Kí là ń pe ẹni yẹn nílé? Àgbàro! Àwọn tó máa ń dúró létí títì láàárọ̀ kùtù, ọkọ́ léjìká, tẹ́ ẹ máa bá dúnàádúrà lórí igba ebè kan, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú àwọn lọ wo bí koríko ibẹ̀ ṣe rí ná. (Ẹni tó ní ká kọ lébìrà, lébìrà ti di ti àwọn bíríkìlà.)

Ẹnì kan á ní àgbàro tiwa ń ti ìlú míì wá ni, ó ń kówó relé. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó ń ṣe ganyu, ebi ló ń lé e, oko tiẹ̀ ló ń fi sílẹ̀. Ní Màláwì, òjò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, Nọ̀fẹ́ńbà sí Épírù, àgbàdo lọ̀pọ̀ wọn ń gbìn, òun náà ni wọ́n fi ń ro tùwó tí wọ́n ń pè ní nsima. Bó bá fi máa di Jánúárì, tọdún tó kọjá ti tán nílé tálákà, tọjà ti gbówó lórí, àsìkò yẹn náà ni koríko ń pa èyí tó wà lóko. Ebi á lé bàbá àti ìyá lọ ro oko ẹlòmíì kọ́mọ tó rí nǹkan jẹ lálẹ́, tiwọn á wà nínú koríko, nígbà ìkórè kò ní tó nǹkan, Jánúárì tó ń bọ̀ wọ́n á tún padà sídìí ganyu. Lọ́dún 2005 ìjọba wọn gbé ètò kúpọ́ọ̀nù kan dìde kí àgbẹ̀ lè ra fatiláísà lówó pọ́ọ́kú, ó ṣèrànwọ́, àmọ́ ẹ bi àgbẹ̀ èyíkéyìí, fatiláísà tẹ́ ẹ dà sóko tẹ́ ò tíì ro, koríko lẹ fi ń bọ́.

Bá a bá wá kọ àáró, ẹni tó ń kà á á rò pé wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni, kò ní mọ̀ pé ẹni yẹn fi oko tiẹ̀ sílẹ̀. Èmi ní ká kọ "iṣẹ́ àgbàro" fún ganyu, kí èyí tí ebi lé èèyàn lọ ṣe jẹ́ "àgbàro ebi".

Ẹ̀yin ará Ọ̀mù-Àrán àti Ìlọrin, kí lẹ ń pe ìgbà tí iṣu ti tán láká tí tuntun ò tíì ta? Bẹ́ ẹ bá ní orúkọ fún un, mo máa fi rọ́pò "ebi" yẹn.